Ta Ló Rán Iná sí Ológbò?

Ẹ sún mọ́bí. Ẹ sún mọ́bí dáadáa, àyè wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ sá lọ, ẹ wọlé, ẹ ti ilẹ̀kùn. Ìwọ tí ò ń tẹ fóònù lẹ́yìn un, fi pamọ́ ná, torí bí etí rẹ bá fo ọ̀rọ̀ kan péré nínú èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, o ò ní mọ ẹni tó jẹ̀bi, wàá sì wá máa yọ mí lẹ́nu lọ́la. Gbogbo yín, ẹ wo gílóòbù tó wà lókè orí yín. Ẹ bi í léèrè pé, "Ọ̀nà wo lo gbà wọlé?" Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ó dáa. Ẹ rín in dáadáa báyìí, torí tó bá yá, ẹ ò ní rí i rín mọ́.

Ológbò kú ní aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, lójú oòrùn, níṣojú gbogbo ayé, lórí òpó kejìdínlógún.

Ológbò yìí kì í ṣe ẹran o. Èèyàn ni. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi ń gun òpó iná fún ìjọba. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún tó bá ń gòkè, ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wáyà kan já, ó ní òun ń lọ tún un ṣe. Wọ́n pa iná gbogbo ọ̀nà yẹn láti ibùdó iná. Ilé kan ò ní iná, ṣọ́ọ̀bù kan ò ní iná. Ológbò gòkè, ó na ọwọ́, ó di wáyà tó ti kú mú.

Wáyà tó ti kú náà sì dì í mú padà.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ẹsẹ̀ ti dá lójú títì yẹn. Onígbàjámọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó sì fi oníbàárà kan sílẹ̀ níta tòun ti orí tó fá dé ìdajì. Àwọn ìyá tó ń lọ mú ọmọ nílé ìwé ń gba ẹ̀yìnkùlé onílé-onílé kọjá. Wọ́n ní òpó náà ń jẹ èèyàn. Wọ́n ní kò tíì yó.

Ìgbà náà ni Ìyá Ìbéèrè dé.

Kúkúrú obìnrin ni, ó ti lé láàádọ́ta ọdún, ó wọ bàtà rọ́bà, ó gbé báàgì sí abíyá. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, nílé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná. Bí iná bá gbé èèyàn, òun ni wọ́n ń rán pé kó lọ wádìí ohun tó fà á. Ohun kan tún wà nípa rẹ̀ tí ẹ ó máa rántí: báírò tó máa ń kì bọ inú irun rẹ̀. Aláwọ̀ ewé ni. Láti orí ọ̀gá àgbà dé orí ẹni tó ń ṣí géètì, kò sẹ́lòmíì tó ń fi báírò aláwọ̀ ewé kọ nǹkan ní gbogbo ọ́fíìsì yẹn. Wọ́n ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ó ti sú wọn. "Wọ́n máa ń jí búlúù," bẹ́ẹ̀ ló máa ń dá wọn lóhùn. "Wọ́n máa ń jí dúdú. Ta ló jẹ́ jí eléyìí?"

Yàrá súwíìṣì ní ibùdó iná ló kọ́kọ́ wọ̀. Sájẹ́ńtì ọlọ́pàá kan ti dúró síbẹ̀, ikùn rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ kí i. Nílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Ọ̀gá Súwíìṣì jókòó pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. Òun ló ń ṣọ́ yàrá náà, òun ló ń pa iná, òun ló ń tàn án. Ó ń gbọ̀n débi pé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ń dún lára rẹ̀ bí agogo ilé ìwé.

"Màmá, ẹ ò tiẹ̀ nílò láti wàhálà," Sájẹ́ńtì ní. "Ọ̀rọ̀ ti parí. Òun àti olóògbé jà lánàá. Lónìí, olóògbé wà lókè, súwíìṣì wà lọ́wọ́ tiẹ̀. Ó tàn án."

"Mi ò tàn án!" Ọ̀gá Súwíìṣì ní. "Ẹ̀yin ìyá wa, mo fi àwọn ọmọ mi búra, mi ò tàn án! Lórí bọ́ọ̀lù la fi jà! Ta ló ń pa èèyàn torí bọ́ọ̀lù?"

"Mo mọ mẹ́ta," Sájẹ́ńtì ní.

Ìyá Ìbéèrè kọjá lára wọn lọ. Ó ti bẹ̀rẹ̀ síwájú irin súwíìṣì. Àgádágodo kan wà lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, kó má di pé ẹ̀ ń wo ara yín. Àwọn tó ń gun òpó ní ìṣe kan. Kí ẹnikẹ́ni tó gòkè, á kọ́kọ́ wá sí ibùdó, á fi àgádágodo tara rẹ̀ ti súwíìṣì pa, á fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ ọrùn. Bí kò bá tíì sọ̀ kalẹ̀, bí kò bá tíì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i, olórí ìjọba pàápàá ò lè tan iná yẹn. Ológbò tún wá jẹ́ ẹni tó máa ń fura. Tó bá ti tì í tán, á mú òwú pupa, á wé e kọjá lójú ihò kọ́kọ́rọ́, á ta á ní kókó mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, àfi kó já òwú.

"Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dà?" Ìyá Ìbéèrè bèèrè.

"Ọrùn òkú la ti bọ́ ọ," Sájẹ́ńtì ní. "Ṣùgbọ́n ṣebí kọ́kọ́rọ́ kì í ṣe ẹyọ kan láyé? Ó ti lọ gé irú ẹ̀."

"Wá. Tẹ̀ ba. Bó o bá lè tẹ̀ ba."

Sájẹ́ńtì tẹ̀ ba díẹ̀díẹ̀.

"Kí lo rí lójú ihò yìí?"

"Òwú pupa."

"Kókó mélòó?"

"Mẹ́ta."

"Ó já àbí kò já?"

Sájẹ́ńtì wò ó lọ, wò ó bọ̀. "Kò já."

"Nígbà tó o ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de bàbá ọlọ́bàbá yìí, ṣé o wo òwú yìí?"

Ikọ́ tí kò sí tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Sájẹ́ńtì. Ó tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Ọ̀gá Súwíìṣì, ó fi kọ́ bẹ́líìtì rẹ̀.

"Iná ò jáde níbí," Ìyá Ìbéèrè ní. Ó dìde, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Sájẹ́ńtì, gbọ́ mi dáadáa o. Iná tó pa Ológbò ò tibí jáde. Tí kò bá tibí jáde, a jẹ́ pé ó ń bẹ níbì kan títí di báyìí. A ò sì mọ ibi tó wà."

Ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ ni ojú rẹ̀ ti bọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin gíga kan dúró síbẹ̀, ó dé akoto, ó gbé bẹ́líìtì ìgunpó sí èjìká. Àgéré là ń pè é. Òun àti Ológbò ló jọ ń ṣiṣẹ́. Àbúrò Ìyá Ìbéèrè ni, ọmọ ìyá kan náà, òun ló pọ̀n ọ́n dàgbà.

"Àgéré, kí lò ń fi bẹ́líìtì ṣe?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní aago mẹ́rin ni kí n gòkè."

"Òpó wo?"

Àgéré ń fi àtàǹpàkò nu irin bẹ́líìtì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Mo ní òpó wo?"

"Òpó kan náà ni. Dísù tó wà nínú jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn máa tán láago márùn-ún. Èèyàn wà lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Lọ́la, olórí ìjọba ń bọ̀ wá ṣí ibùdó tuntun. Ọ̀gá àgbà ní iná gbọ́dọ̀ ti dé kó tó dìgbà náà."

"Kí ẹlòmíì lọ."

"Ta ló kù, ẹ̀gbọ́n mi? Àwa méjì la wà. Ọ̀kan ti wà ní mọ́ṣúárì."

"Ṣéènì tẹ́ ẹ fi ń so wáyà mọ́lẹ̀ ńkọ́? Tí iná bá tiẹ̀ dé, ilẹ̀ ni ṣéènì máa gbé e lọ."

Àgéré rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ò dé ojú. "Méjì la ní. Wọ́n ti kó méjèèjì lọ sí ibùdó tuntun, kí wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ níwájú olórí ìjọba. Kó lè rí i pé a ní irinṣẹ́."

Ìyá Ìbéèrè fa fóònù yọ, ó pe ọ̀gá àgbà. Gbogbo wọn ló gbọ́ bí ohùn ọ̀gá ṣe ń jáde láti inú fóònù náà. "Ṣebí wọ́n ti mú ẹni tó ṣe é? Kí ló kù? Tó o bá rí ìdí tí kò fi yẹ kó gòkè, mú un wá kó tó di aago mẹ́rin. Tí kò bá sí, á gòkè." Ó gé fóònù.

Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Àgéré ní, ó ń fi ohùn ṣeré bí ìgbà tó wà lọ́mọdé, "ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹ tún fẹ́ pọ̀n mí ni?"

"Ẹsẹ̀ rẹ á máa wọ́ nílẹ̀," ó dá a lóhùn. Ó yára yíjú sápá kan. Àgéré tún ti ń nu irin bẹ́líìtì yẹn, kò sì fẹ́ kó mọ̀ pé òun ti rí i.

Títì tó lọ síbi òpó kejìdínlógún dákẹ́ bí ilé tí wọ́n kó kúrò nínú rẹ̀. Onídìrí kan ṣoṣo ló ṣí ṣọ́ọ̀bù, bóun náà ò bá sì rí ìdí kan láti jókòó, ì bá ti lọ.

"Mi ò lè lọ," ó ní. "Kọ́ńdísọ́nà wà lórí obìnrin yìí. Tí mo bá sá, irun ẹ̀ á bá mi lọ."

"Nígbà tí ọkùnrin yẹn kú, kí lò ń ṣe?"

Onídìrí wo òpó láti ojú fèrèsé, ó fi ẹ̀yìn sí i wéré. "Màmá, mo pariwo ni."

"Gbogbo èèyàn ló pariwo."

"Rárá. Tèmi ṣáájú tiwọn. Dráyà mi ló ṣàdédé hó, gílóòbù tàn fẹ́ẹ́rẹ́ bí ojú ẹni tó ń tòògbé. Mo ní, 'Iná ti dé o!' Kí n tó pa ẹnu dé, ó ti lọ. Ìgbà tí mo máa gbójú sókè, ọkùnrin yẹn ti rọ̀ sórí bẹ́líìtì rẹ̀." Ó bú sẹ́kún. "Mo ti ń jó, Màmá. Mo ti ń jó o."

Ìyá Ìbéèrè gbá a lẹ́yìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó wá yọ báírò kúrò lórí, ó kọ ọ̀rọ̀ méjì sínú ìwé kékeré kan: *fẹ́ẹ́rẹ́* àti *lọ*.

Nínú mọ́tò, Sájẹ́ńtì ò lè pa á mọ́ra mọ́. "Màmá, kí ni 'fẹ́ẹ́rẹ́' wá fi hàn? Iná ni iná."

"Iná ìjọba tó bá dé kì í tàn fẹ́ẹ́rẹ́, kó lọ. Eléyìí kéré, ẹrù sì pọ̀ jù ú. Ó gbé ẹrù àdúgbò, ẹ̀yìn rẹ̀ kán." Ó yíjú sí i. "Tìráńsífọ́mà ò mọ ẹni tó wà níwájú, kò sì mọ ẹni tó wà lẹ́yìn. Iná ńlá tó bá ti orí òpó wọlé, á sọ ọ́ di kékeré fún ilé. Ṣùgbọ́n bí iná kékeré bá ti inú ilé padà wọ inú rẹ̀ ńkọ́?"

Sájẹ́ńtì ronú. Ẹ lè gbọ́ bó ṣe ń ronú. "Á sọ ọ́ di ńlá?"

"Á sọ ọ́ di ńlá, á gbé e padà sórí wáyà. Inú ilé ẹnì kan ni ikú Ológbò ti jáde. Ẹnì kan tan jẹnẹrétọ̀, iná rẹ̀ sì bọ́ sójú títì."

"Háà! Kí ni wá ń dí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ lójoojúmọ́?"

"Ìjọba ni." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń dárúkọ ọmọ rẹ̀ tó yege. "Ta ló rò pé iṣẹ́ ìjọba ni kó ṣáà ri òpó mọ́lẹ̀? Olówó kankan lè ri òpó. Ẹni tó máa padà wá wò ó, òun ni ìjọba. Òfin wà pé ẹnikẹ́ni tó bá ní jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ ní ṣéńjóvà, àpótí tí wọ́n fi ń yí ilé kúrò lórí iná ìjọba bọ́ sórí jẹnẹrétọ̀. Tí eléyìí bá wà, tọ̀hún ò gbọdọ̀ sí. Òṣìṣẹ́ ìjọba á wá ṣí i, á wo inú rẹ̀, á buwọ́ lùwé. Ọdún kẹjọ rèé tí iná dé àdúgbò yìí, mo wà lára àwọn tó yẹ̀ wọ́n wò. Irinwó àpótí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, torí olórí ìjọba ń bọ̀ wá tan iná ọ̀hún nígbà náà."

"Irinwó! Ẹ ṣí gbogbo ẹ̀?"

Ìyá Ìbéèrè gbójú sí fèrèsé.

"Yà sọ́tùn-ún," ó ní.

Márùn-ún ni jẹnẹrétọ̀ ńlá tó wà lójú ọ̀nà iná yẹn nínú ìwé ìjọba. Ti ilé ìwòsàn ò tíì kú láti àárọ̀, ẹni tó kú níṣẹ́jú kan ni wọ́n ń wá. Ti ilé ìdáná búrẹ́dì ti sinmi láti aago mẹ́jọ. Ti yàrá yìnyín, wọ́n ti tú u sílẹ̀ wẹ́wẹ́, alágbẹ̀dẹ pàápàá ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí páànù. Ó ku ti onítẹ̀wé, ó ku ti wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀.

Bàbá Onítẹ̀wé ń lu bébà mọ́ tábìlì nígbà tí wọ́n wọlé, kó lè gún régé. Arúgbó tó ń rẹ́rìn-ín ni, yíǹkì ti wọ inú èékánná rẹ̀ títí láé.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ìjọba! Ẹ bá mi sọ fún wọn o, ìwé ìpè tiyín ni mò ń tẹ̀ lọ́wọ́ yìí! Ẹgbẹ̀rún kan, fún ayẹyẹ ibùdó tuntun. Wọ́n fẹ́ gbà á lónìí."

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ṣé jẹnẹrétọ̀ yín ń ṣiṣẹ́?"

"Ta ní? Ó ti kọṣẹ́! Mẹkáníìkì ló wà lẹ́yìn un tó ń tún un ṣe."

Ìyá Ìbéèrè wo ẹ̀yìn. Lóòótọ́, ẹsẹ̀ méjì yọ jáde lábẹ́ jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ṣí ikùn rẹ̀ sílẹ̀. Lára ògiri, ṣéńjóvà wà níbi tó yẹ kó wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bàbá ti fi férémù àti gíláàsì dá ìwé ìjọba lọ́lá, bí ẹni gbé àwòrán ìgbéyàwó kọ́. Eruku ti bò ó, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ ìjọba ṣì hàn láti ọ̀ọ́kán.

"Tiyín pé," ó ní. Ó fa ìlà sórí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé kékeré.

Ẹ̀yin ará, obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìbéèrè, tó lè bi òkúta léèrè títí tí òkúta á fi jẹ́wọ́, gbàgbé láti béèrè ìbéèrè kan níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ.

Wẹ́dà rí wọn lọ́ọ̀ọ́kán, ó sì fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

"Òun nìyẹn!" Sájẹ́ńtì ké. Ó gbá ikùn rẹ̀ mú, ó sáré tẹ̀ lé e. Nǹkan bí ìṣísẹ̀ ogún ló sá kó tó jókòó lórí táyà kan. Ọpẹ́lọpẹ́ pé wẹ́dà kọ́ ẹsẹ̀ lára wáyà ara rẹ̀, ó ṣubú lulẹ̀ gbìì.

"Mi ò tún ní ṣe é mọ́!" wẹ́dà ní láti ilẹ̀. "Ẹ forí jì mí! Ìyàwó mi wà nínú oyún!"

"O ò tún ní ṣe kí ni?" Ìyá Ìbéèrè dúró sórí rẹ̀. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. "Jẹnẹrétọ̀ rẹ dà?"

"Jẹnẹrétọ̀? Mo ti tà á lọ́dún tó kọjá."

"Kí lo wá ń sá fún?"

Ojú wẹ́dà rọra gbéra, ó lọ sókè ògiri. Wáyà kan wà níbẹ̀ tó gba ẹ̀yìn mítà kọjá, tí mítà ò sì mọ̀ nípa rẹ̀ rárá.

"Ó ń jí iná," Sájẹ́ńtì ní láti orí táyà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìyẹn ti lọ́la," Ìyá Ìbéèrè ní. Wẹ́dà ni ẹnì kan ṣoṣo tó kù nínú ìwé rẹ̀. Márùn-ún ló wá, márùn-ún ti tán, àbúrò rẹ̀ á gòkè láìpẹ́. "Bàbá olóyún, dá mi lóhùn. Láàárọ̀, láago mẹ́wàá kọjá, kí lo gbọ́?"

"Ariwo."

"Ṣáájú ariwo."

Wẹ́dà gbọn eruku lára. "Jẹnẹrétọ̀ kan. Ó ní gbùùùù, ó wá ní kọ̀-kọ̀-kọ̀, ó kú. Mi ò tiẹ̀ kà á sí, oúnjẹ òwúrọ̀ ni mò ń jẹ." Ó na ọwọ́ sí àjẹkù búrẹ́dì tó wà lórí bẹ́ǹṣì. Ìwé kan ni wọ́n fi wé e.

Ìyá Ìbéèrè gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tú búrẹ́dì dà nù, ó tẹ́ ìwé lórí bẹ́ǹṣì. Ìwé tó dán ni, wọ́n tẹ àwòrán òpó iná sórí rẹ̀. Ó kà pé: *Ẹ wá bá wa yọ̀ níbi ayẹyẹ ṣíṣí ibùdó iná tu*

Ibẹ̀ ló parí sí. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ funfun báláú.

"Níbo lo ti rí i?"

"Ẹ̀yìn ògiri mi yìí. Bàbá Onítẹ̀wé máa ń ju èyí tó bá bàjẹ́ síta."

"Ìgbà wo ló jù ú?"

"Àárọ̀ yìí náà ni. Ó kù díẹ̀ kó bọ́ sí mi lórí."

Ìyá Ìbéèrè dúró gbagidi. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó dúró láàárín ọ̀rọ̀. Jẹnẹrétọ̀ tó kú láàárín ẹ̀rọ. Bàbá yẹn ní jẹnẹrétọ̀ òun ti kọṣẹ́, kò sì purọ́. Òun ni kò bi í pé, *láti ìgbà wo?*

"Sájẹ́ńtì!" Ó pariwo débi pé wẹ́dà tún ṣubú. "Kí ni mẹkáníìkì yẹn ń ṣe?"

"Ó ń tún jẹnẹrétọ̀… Yéè!"

"Aago mélòó lo ní?"

"Mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ."

Ó tẹ nọ́ńbà Àgéré. Ó ń dún. Ó ń dún. Kò sẹ́ni tó gbé e. Ó sì mọ̀ pé kò ní sẹ́ni tó máa gbé e. Yàtọ̀ sí irinṣẹ́ àti kọ́kọ́rọ́ ọrùn wọn, àwọn tó ń gun òpó kì í mú irin kankan gòkè lára. Aago, òrùka, fóònù, inú mọ́tò ni wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Fóònù Àgéré ń dún nínú mọ́tò nísàlẹ̀, òun ti ń gòkè kí aago tó lù.

"Gbé mọ́tò, lọ síbi òpó! Bó o bá fẹ́, fi òkúta sọ ọ́ kó lè sọ̀!"

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ó ti lọ. Ẹ rí obìnrin tó lé láàádọ́ta ọdún nínú bàtà rọ́bà. Bàtà kan bọ́, kò wò ó. Ó gba ẹ̀yìn ilé wẹ́dà, ó gba àárín aṣọ tí wọ́n sá, ó fi orí gbé ṣòkòtò ẹnì kan lọ. Ó ń gbọ́ mẹkáníìkì tó ń sọ pé, "Ó ti ṣe tán, bàbá, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò." Ó ń gbọ́ Bàbá Onítẹ̀wé tó ń dúpẹ́. Ó fẹ́ pariwo, kò rí èémí.

Ó já wọ ẹ̀yìnkùlé. Bàbá ti yí ọwọ́ ṣéńjóvà sápá jẹnẹrétọ̀ bí ọmọlúàbí, gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Ìka rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnnì.

Ìyá Ìbéèrè fò mọ́ bàbá, àwọn méjèèjì sì jọ wólẹ̀ sínú dísù tó ti dà sílẹ̀.

"Olè o!" Bàbá Onítẹ̀wé ké. "Ìjọba ti ya wèrè o!"

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́," ó ń sọ fún un, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó ń sunkún. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi. Ẹ má tẹ̀ ẹ́."

Ibi gbogbo dákẹ́. Láti ọ̀nà jíjìn, lápá ibi tí òpó kejìdínlógún wà, wọ́n gbọ́ ọ: kọ̀, kọ̀, kọ̀. Hámà. Ẹnì kan wà lókè tó ń kan nǹkan, tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Lẹ́yìn náà, ohùn Sájẹ́ńtì, "Sọ̀ kalẹ̀! Sọ̀ kalẹ̀, ìwọ gíga yìí, àbí kí n yìnbọn!" Hámà dákẹ́. Ohùn Àgéré dáhùn, pẹ̀lú ìbínú, "Kí ni mo ṣe?"

Ìyá Ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sínú dísù, ó rẹ́rìn-ín títí omi imú fi dé ẹnu rẹ̀.

Nígbà tí Sájẹ́ńtì máa fi dé, Ìyá Ìbéèrè ti ní sùkùrúdíráfà lọ́wọ́, ó dúró níwájú ṣéńjóvà. Ọ̀dà tí wọ́n fi kun àpótí náà lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e kọ́ bo orí sùkùrú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò fọ́, kò sán. Àfi kó fi ẹnu irin ha á kúrò. Ó yọ ìdérí.

Ọwọ́ tí bàbá ń yí lójoojúmọ́ ò so mọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó gbé àpótí náà kọ́ ti fi wáyà kan so iná ìjọba àti jẹnẹrétọ̀ pọ̀ tààràtà, kó lè tètè parí, kó máa lọ sílé.

"Ẹ wò ó, mo yí i!" Bàbá Onítẹ̀wé ń sọ. Ó ti wá yé e. "Láàárọ̀, mo yí i kí n tó tan jẹnẹrétọ̀. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń yí i, jẹnẹrétọ̀ sì ń kọṣẹ́ lemọ́lemọ́. Ṣé èmi ni mo pa á? Màmá, ṣé èmi ni?"

"Ẹ̀yin kọ́, bàbá," Sájẹ́ńtì ní. "Ọdún mẹ́jọ, iná ìjọba tó bá lọ, òpó kì í ní èèyàn lórí. Lónìí ó ní." Ó ń wo orí sùkùrú. Ọ̀rọ̀ iná ti ń yé e báyìí, ó sì ń dùn mọ́ ọn. "Kò sẹ́ni tó ṣí àpótí yìí rí láyé. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan jókòó sínú mọ́tò, ó buwọ́ lùwé, ó lọ. Ẹni yẹn ló pa Ológbò. Mo búra, òru ò ní bá ẹni yẹn nínú ilé rẹ̀."

"Ìwé rẹ̀ nìyí," Bàbá Onítẹ̀wé ní. Ó gbé férémù kúrò lára ògiri, ó nà án sí wọn pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Ìjọba fọwọ́ sí i. Ẹ wò ó, ìjọba fọwọ́ sí i."

Sájẹ́ńtì tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kúrò lára bẹ́líìtì rẹ̀. Ó mú áńkáṣíìfù, ó nu eruku lójú gíláàsì láti òkè wá sílẹ̀, ó ń kà á sókè: "*Mo ṣí àpótí yìí. Mo wo inú rẹ̀. Ó pé.*" Àgéré ti wọlé, ó dúró lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi ọwọ́ lé e léjìká. Áńkáṣíìfù dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ibi tí wọ́n máa ń buwọ́ lù.

Báírò aláwọ̀ ewé ni.